Ọkọ Màámi

Ọjọ́ tí Bàbá wa jáde láyé náà la sin wọ́n, kí oòrùn tó wọ̀. Bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, a ṣe fìdáù. Àwọn ààfáà wá, àwọn ará àdúgbò wá, ẹbí wá láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn tó ṣẹ́ kù nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè náà wá, tọ̀pátọ̀pá. Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n ní olóòótọ́ èèyàn ni Alàájì, pé wọn kì í pẹ́ dé mọ́sáláṣí, pé wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Síbẹ̀, bí mo ṣe jókòó tí mò ń gbọ́ ọ, ọkàn mi ò kún. Ohun tí ẹni tó wà níta lè rí ni gbogbo wọn ń sọ.

Ẹni tó mọ̀ wọ́n jù ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Inú yàrá ni Màámi wà láàárín àwọn obìnrin, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni Kùránì là kalẹ̀ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá kú. Kò ní ṣe ọ̀ṣọ́, kò ní kun lọ́fínńdà, kò ní lọ sóde àríyá, ilé ọkọ rẹ̀ ni yóò máa gbé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wà ní Èkó, àbúrò mi wà ní Kánádà. Èmi ni mò ń gbé Òṣogbo, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni púpọ̀ nínú òru wọ̀nyẹn bọ́ sí.

Àwọn èèyàn ti kìlọ̀ fún mi pé yóò le. Ó le lóòótọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé inú òru wọ̀nyẹn ni Màámi yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọkọ wọn fún mi. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ bàbá mi o. Bàbá mi, mo mọ̀ wọ́n. Ọkọ Màámi ni mi ò mọ̀.

Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni Bàbá wa. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ rí á mọ̀ pé iwájú ni awakọ̀ wà, gáàdì sì wà nínú kóòṣì tó kẹ́yìn pátápátá. Awakọ̀ ló ń wa ọkọ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ gbéra bí gáàdì ò bá tíì fọn fèrè, kó ju àsíá aláwọ̀ ewé. Gáàdì ló ń wò ó bóyá gbogbo èrò ti wọlé, bóyá ilẹ̀kùn ti pa dé, bóyá ẹrù tó yẹ kó sọ̀ ti sọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ẹrù máa ń wà. Tí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà ló ń rí i dájú pé iná pupa tó wà nídìí ọkọ̀ ń tàn.

Ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó ti ń ṣiṣẹ́ dé Ìbàdàn, nígbà tó sì di 1907 ó ti dé Òṣogbo. Kí wọ́n tó bí Bàbá wa, ibẹ̀ ti di ibi tí kòkó ti ń wọkọ̀ lọ sí Èkó, tí obì ti ń wọkọ̀ lọ sí òkè Ọya, tí màlúù àti àlùbọ́sà náà ń gba ibẹ̀ bọ̀. Bàbá wa dàgbà sínú ariwo yẹn. Wọ́n máa ń ka orúkọ àwọn ìdíkọ̀ fún wa láìmí: Lálúpọn, Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkìrun, Òkúkù, Ọ̀fà, Ìlọrin, ó di Jẹ́bà. Bí ẹlòmíràn ṣe ń ki oríkì orílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á.

Ìyá Màámi ní tiwọn, aláró ni wọ́n. Àwọn tó ń ki Òṣogbo ní aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun kò purọ́. Ìkòkò aró kún ẹ̀yìnkùlé wọn. Ewé èlú ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a kó gbẹ. Wọ́n á da omi sórí eérú nínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, omi eérú náà á máa kán díẹ̀díẹ̀, òun ni wọ́n á rẹ èlú sí títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ á gba agboolé. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró. Màámi sọ fún mi pé láti kékeré ni ọwọ́ àwọn ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, pé ọṣẹ dúdú pàápàá kì í mú un kúrò.

Àwọn oníbàárà wà ní Ọ̀fà àti Ìlọrin, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé aṣọ lọ bá wọn. Màámi ló ń ru ìdì aṣọ lọ sí rélùwéè, gáàdì ló ń gbà á. Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Màámi ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá wa bá àwọn sọ ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ẹrù, ìbéèrè kan ni wọ́n bi àwọn:

“Ta ló ń gbé ìdì yìí rù ọ́?”

“Èmi náà ni mò ń gbé e rù.”

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Màámi tún padà dé pẹ̀lú ẹrù, gáàdì ti rìn jáde kúrò ní ìdíkọ̀, ó dúró sójú ọ̀nà, ó sọ ẹrù náà lórí wọn, ó gbé e wọlé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Màámi ní àwọn tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ pariwo, ojú ti àwọn débi pé àwọn gbàgbé láti gba ìwé ẹrù.

Ìyá Màámi ò fẹ́. “Ará rélùwéè kẹ̀? Ìyàwó kan ní Ọ̀fà, ọ̀kan ní Jẹ́bà, ọ̀kan ní Mìnà!” Ohun tí gbogbo ìyá ń sọ nígbà náà nìyẹn, ó sì nídìí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Bàbá wa ò jiyàn, wọn ò sì rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ̀bẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé, tí ọkọ̀ wọn bá ti wọ Òṣogbo, wọn ò ní lọ sí yàrá tí wọ́n háyà. Ọ̀dọ̀ ìyá Màámi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà lọ, pẹ̀lú eruku ọ̀nà lójú àti àpò lọ́wọ́. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti dé, wọ́n á sì máa lọ. Wọn kì í jókòó. Wọn kì í béèrè Màámi. Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin nígbà yẹn, nítorí náà ìyá arúgbó mọ ìgbà tí ọkọ̀ dé, wọ́n sì mọ bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó láti ibẹ̀ dé agboolé wọn. Odidi ẹ̀rùn kan ni Bàbá wa fi ṣe é.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ò tètè dé. Ilẹ̀ ṣú, àwọn ará ilé ti sùn. Màámi jí lóru, wọ́n rí i pé fìtílà ìyá wọn ṣì ń tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá arúgbó dáhùn pé, “Gáàdì ò tíì dé.”

Màámi rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ibí yìí fún mi, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn látìgbà ìsìnkú. Wọ́n ní ìgbà yẹn làwọn mọ̀ pé ìyá àwọn ti gbà. Ọdún tí ogun Biafra parí, 1970, ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó.

Kì í ṣe pé ilé wa dùn ní gbogbo ìgbà. Iṣẹ́ gáàdì kì í jẹ́ kí èèyàn gbélé. Ọ̀pọ̀ ọdún Iléyá la ṣe tí Bàbá wa ò sí ńlé, torí ìgbà ọdún gan-an ni èrò ń pọ̀ jù lọ lọ́kọ̀. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà, lílọ àti bíbọ̀. Ọkọ̀ kan ní láti dúró sí ìdíkọ̀ kí èkejì kọjá, bí ọ̀kan bá sì ti pẹ́, gbogbo wọn ti pẹ́ nìyẹn. Màámi á se oúnjẹ, á tutù, wọ́n á gbé e kaná, á tún tutù. Àwa ọmọ rò pé inú Màámi ń dùn sí ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún mi nísinsìnyí pé inú àwọn kì í dùn sí i rárá, pé àwọn máa ń bínú, pé nígbà míì tí Bàbá wa bá wọlé, àwọn kì í dá wọn lóhùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bàbá wa kì í ní, “Ṣé iṣẹ́ kọ́ ni mo lọ ṣe?” Wọ́n á jókòó ti Màámi níbi tí wọ́n bá ti ń bínú náà, wọ́n á máa wọ̀nà fún wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀bá adógán ni Màámi wà, wọ́n á gbé àpótí wá síbẹ̀.

Nígbà tí ìyá Màámi kú, Màámi ló jogún ìkòkò aró. Iṣẹ́ obìnrin ni iṣẹ́ aró, ọkùnrin kì í dá sí i. Ṣùgbọ́n eérú ṣòro rí nínú ìlú, èyí tó dára kì í sì í tó. Bàbá wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í rà á kiri ìlú tí ọkọ̀ bá ti dúró, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé e bọ̀ láti Ìkìrun, láti Òkúkù. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń gbé e sí, wọn kì í wọ ibẹ̀, torí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ohun tí àwọn ìyá ní kí ọkùnrin má ṣe. Mo rántí àwọn àpò yẹn dáadáa. Èmi tí mo máa ń jókòó lé wọn lórí ṣeré, mi ò mọ̀ pé àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n ní Bàbá Eléérú, pé ìnagijẹ náà kò sì dùn mọ́ wọn nínú, wọ́n kàn ń gbé e bọ̀ ni.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́ rí kí Màámi tó bẹ̀rẹ̀ opó. Obìnrin mẹ́rin ni Bàbá wa bí. Àwọn ìbejì ló ṣáájú, èmi Ìdòwú tẹ̀lé wọn, Àlàbá ló kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé àwọn ẹbí ò fẹ́ kó parí síbẹ̀, nítorí ọmọdé máa ń gbọ́ ohun tí àgbà rò pé kò gbọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bó ṣe parí.

Àwọn àgbà ẹbí kan ló wá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Màámi fún wọn lóúnjẹ, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n wá ní kí ìyàwó bọ́ sẹ́yìn ná, ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin kù. Màámi mọ ohun tí wọ́n bá wá. Wọ́n lọ dúró sínú ilé ìdáná, wọn ò lè gbé ohunkóhun nílẹ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá wa fi pè: “Ìyá Ìbejì, máa bọ̀.” Màámi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá wa dìde fún wọn lórí àga tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀. Bàbá wa fúnra wọn wá kúnlẹ̀ síwájú àwọn àgbà náà.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá mi sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí ìyàwó mi gbọ́. Mi ò lè sọ ọ́ fún un.”

Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Àgbà kan béèrè omi. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko kan. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ. Wọn ò tún gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ilé wa mọ́. Màámi ní, “Èmi ti di ẹrù mi lọ́kàn, Ìdòwú. Mo ti ń rò ó pé èwo nínú yín ni mo máa pọ̀n lọ.”

Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo ti gbọ́ ẹjọ́ tọkọtìyàwó lóríṣiríṣi. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí ọkùnrin kan ti ṣe bẹ́ẹ̀. Nílé wa, wọ́n ṣe é, wọn ò sì fi ṣe fọ́ńté lójú ẹnikẹ́ni, àní àwa obìnrin mẹ́rin tí wọ́n torí wa ṣe é, wọn ò sọ ọ́ fún wa títí wọ́n fi lọ. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lóru yẹn, mo sunkún fún bàbá mi ju bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n kú.

Àwa náà mọ tiwa. Ní gbogbo alẹ́ tí Bàbá wa bá wà ńlé, wọn kì í ti ilẹ̀kùn títí wọ́n á fi mọ̀ pé gbogbo wa ti wọlé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, wọn ò sì kà wá rí. Oríkì ni wọ́n fi ń pè wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu ọ̀nà: Àdùkẹ́! Àṣàkẹ́! Àjíkẹ́! Àníkẹ́! Oníkálukú á dáhùn láti ibi tó wà. Wọ́n á wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á ní, “Àbẹ̀kẹ́.” Màámi nìyẹn. Lẹ́yìn náà la máa ń gbọ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bí ọ̀kan nínú wa bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ẹbí, wọ́n ṣì máa ń pe oríkì rẹ̀, Màámi á dá wọn lóhùn pé, “Ó wà ní Ẹdẹ.”

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, àwọn ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa ní oríkì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn ṣe é. Ọmọ tó wà ní Kánádà pàápàá, WhatsApp ni wọ́n fi ń pè é ní alaalẹ́ ìparí ọ̀sẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ bó bá ti gbọ́ Àyìnlá, á ní, “Mo wà níbí, Bàbá Àgbà.” Àbúrò mi sọ fún mi pé ọmọ náà ṣì máa ń gbé fóònù wá jókòó tì í lásìkò yẹn. Ibi tí mo ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró lọ́jọ́ tó sọ ọ́ fún mi ni mo máa dá a dúró níbí náà.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá wa obìnrin, olórìṣà Ọ̀ṣun ni wọ́n. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Òṣogbo la wà, kò ṣàjèjì. Lóṣù Ọ̀gọ́ọ̀sì, tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, Bàbá wa á ra aṣọ funfun fún ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n á sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun. Wọn kì í wọlé. Wọ́n á dúró síta títí ẹ̀gbọ́n wọn á fi jáde, nígbà míì láàárín ọ̀pọ̀ èrò àlejò, pàápàá lẹ́yìn tí UNESCO fi Igbó náà sára àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ẹnì kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn bá wọn wí ní mọ́sáláṣí. Wọ́n dá a lóhùn pé ẹ̀gbọ́n àwọn ló pọn àwọn, àwọn ò lè jẹ́ kó máa dá rìn. Àwọn ààfáà míì lè ní èsì sí ìyẹn. Èmi ò ní.

Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ràn wọn gan-an. Lásìkò Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń fi ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ kó àwọn èèyàn wálé ọdún láti Èkó, Bàbá wa mú un lọ sí ìdíkọ̀ láti lọ wo bí ọkọ̀ yóò ṣe wọlé. Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé wọn lọ, mo sì dúró lẹ́yìn wọn. Gbogbo èèyàn ń wo iwájú, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń bọ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo. Bàbá wa ò wo iwájú. Nígbà tí ọkọ̀ náà kọjá tán, wọ́n na ọwọ́ sí ìdí rẹ̀, wọ́n ń fi iná pupa han ọmọ mi.

“Ṣé o rí ìyẹn? Bí ẹni tó wà ní ìdíkọ̀ ò bá rí iná yẹn, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn tẹ̀lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kóòṣì kan ti já sẹ́yìn níbì kan.”

“Tó bá já ńkọ́, Bàbá Àgbà?”

“Wọ́n á padà lọ mú un.”

“Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?”

“Gáàdì wà lọ́dọ̀ wọn.”

Àwọn méjèèjì sọ ọ́ títí a fi délé, bí wọ́n ṣe ń so kóòṣì mọ́ra, bí bíréèkì ṣe ń mú, ohun tí àsíá pupa ń sọ. Ọmọ náà ti wà ní yunifásítì nísinsìnyí, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń kọ́. Òun ló bá bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé Bàbá wa wọ ibojì. Mo gbọ́ pé nígbà tí àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ ná, òun ń bọ̀.

Màámi ti jáde opó. Mo ka gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí sí wọn létí ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, torí mi ò fẹ́ kí ohun tí wọ́n sọ sí mi létí di ti gbogbo ayé láìjẹ́ pé wọ́n gbà. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní kí n tún apá ibi tí gáàdì sọ ẹrù lórí àwọn kà, mo tún un kà. Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀.

“O ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n máa ń fọ aṣọ mi.”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Nígbà tí mo lóyún ìbejì, mi ò lè tẹ̀. Wọ́n á dé láti ìrìn àjò, wọ́n á fọ aṣọ tiwọn, wọ́n á fọ tèmi mọ́ ọn, aṣọ aró tó ń ṣí lára, wọ́n á sá a síta lójú gbogbo ará ilé. Aró mi yí sára yunifọ́ọ̀mù wọn lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá wọn bá wọn wí. Kọ ọ́ síbẹ̀.”